Báwo la ṣe ń mọ bí ilé aláìsàn ṣe jìnnà sí ọsibítù tó?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Òkun o. Èmi ni mo ń bójú tó káàdì àti rẹ́jísítà ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kan ní Yagba East, ìpínlẹ̀ Kogi. Lókà ní ká máa kọ bí ibi tí àwọn aláìsàn wa ti ń wá ṣe jìnnà tó, ní kìlómítà. Tí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní "kò jìnnà." Ọ̀gá mi ní kí n kàn fa ìlà lórí Google Maps láti ìlú wọn dé ọ̀dọ̀ wa, iye tó bá gbé jáde ni kí n kọ. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Àwọn tí abúlé wọn ò wá sí lórí máàpù ńkọ́?

Òkun o àbúrò mi, kú iṣẹ́ o. Ìlà tí ọ̀gá ẹ ní kó o fà yẹn kì í ṣe irọ́, ohun tó ń sọ ló yẹ kéèyàn mọ̀. Ó ń sọ bí ibì kan ṣe jìnnà síbì kejì tí òkè ò bá sí, tí odò ò sí, tí oko olóko ò sì dínà. Ilẹ̀ Òkun tá a wà yìí kẹ̀, ibo la ti fẹ́ rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Àpáta ló yí wa ká, títì á kọ́kọ́ yí òkè po kó tó débi tó ń lọ, abúlé tó ò ń wò lọ́ọ̀ọ́kán láti ẹ̀yìn sẹ́ńtà yín, tó o bá gun ọkadà débẹ̀ ẹ̀yìn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ro ẹ́. Àmọ́ kí n tó débi ọ̀nà, ohun méjì kan wà tó ṣáájú kìlómítà, ìyẹn ibi tó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n àti ibi tó o wọ̀n ọ́n dé, torí ibẹ̀ gan-an ni mo ti máa ń rí i tí iṣẹ́ ń bàjẹ́ jù.

Wo káàdì tó wà níwájú ẹ, ibi tí wọ́n kọ àdírẹ́sì sí. Àwa èèyàn wa, tí wọ́n bá bi wá léèrè ibi tá à ń gbé, ìlú bàbá wa la máa ń dá wọn lóhùn. Ẹni tó ti ń gbé Lokoja látọjọ́ tó pẹ́, tó wálé ìsìnkú tí ibà wá dá a wó, Isanlu ló máa ní kó o kọ, ìwọ náà á kọ ọ́, o sì ti sọ ọ́ di ará ilé. Ẹni tó jẹ́ pé inú aba lòun àtàwọn ọmọ ẹ̀ ń gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí dìgbà ìkórè, orúkọ ìlú ńlá tó wà létí títì lòun náà máa pè, torí ó gbà pé o ò lè mọ aba òun. Aboyún tí ọkọ ẹ̀ wà l'Abuja, tó wá bá màmá ẹ̀ torí kó lè bímọ nílé, Abuja ló wà lórí káàdì ẹ̀, tó o bá wá fa ìlà, rẹ́jísítà yín á máa sọ pé obìnrin tó ń rọbí rìn láti Abuja wá bímọ lọ́dọ̀ yín. Mo ti rí irú ẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde gan-an, kò sẹ́ni tó ṣàkíyèsí.

Nítorí náà ìbéèrè méjì ni kó o máa bi wọ́n. Èkíní, "Níbo lẹ ti jí láàárọ̀ yìí?" Èkejì, "Níbo lẹ ń gbé nísìnyí, tẹ́ ẹ ti gbé tó oṣù mẹ́fà?" Lọ́pọ̀ ìgbà ibì kan náà ni. Tí kò bá jẹ́ ibì kan náà, kọ méjèèjì sílẹ̀. Ibi tó ti jí lo máa lò tó o bá fẹ́ mọ ìrìn tó rìn kó tó rí ìtọ́jú, ibi tó ń gbé lo máa lò tó o bá fẹ́ mọ abúlé tó ń lo sẹ́ńtà yín àti èyí tí kì í wá.

Orúkọ ìlú náà tún ní wàhálà tiẹ̀. Ayétòrò mélòó ló wà láàárín wa níbí? Ayétòrò Gbẹdẹ wà, Ayétòrò Kiri wà. Ayégúnlẹ̀ náà, ti Gbẹdẹ wà, ti Igun wà. Tó o bá tẹ Egbe nìkan sínú fóònù, ó lè gbé ẹ lọ sí Egbe tó wà l'Ékòó lọ́nà Ìkọ̀tún, wàá sì rí aláìsàn tó rin ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà wá gba oògùn ibà. Ife-Olukotun náà, tó o bá gé e kù ní Ife, Ilé-Ifẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa mú. Torí náà kọ ìlú, kọ àdúgbò, kọ lókà, kó o tún kọ sítéètì, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń gba àkókò, mo mọ̀, ó sàn ju kéèyàn máa wá ṣàtúnṣe lẹ́yìn ọdún kan nígbà tí aláìsàn ti lọ tán.

Ó dáa, tó o bá ti mọ ibi tó ti wá, o nílò nọ́ńbà ibẹ̀, latitude (bó ṣe jìnnà tó sí àríwá) àti longitude (bó ṣe jìnnà tó sí ìlà oòrùn). Fóònù tó ní GPS á fún ẹ láìlo dátà, kó o ṣáà dúró níta gbangba kó o sì ní sùúrù díẹ̀. Má lọ dúró sẹ́nu ilé aláìsàn kankan o, mo máa sọ ìdí ẹ̀ nísàlẹ̀. Àárín abúlé ni kó o dúró sí, níwájú ọjà tàbí ilé ìwé, nọ́ńbà kan fún abúlé kan ti tó. Tí abúlé bá wá tóbi bí ìlú Isanlu fúnra ẹ̀, pín in sí àdúgbò àdúgbò. Nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn pọ́íǹtì ti pọ̀ tó, nítorí ìkẹrin yẹn bíi mítà 11 péré ló jẹ́, èyí tó kéré jùyẹn ò wúlò fún iṣẹ́ tìẹ. Ìkejì lẹ́yìn pọ́íǹtì jẹ́ bíi kìlómítà kan.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Èkíní ni kéèyàn da ìṣẹ́jú pọ̀ mọ́ pọ́íǹtì. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé Kàbà wà ní 7°50′, ẹnì kan á wá tẹ 7.50 sínú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe ohun kan náà o. Ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú dígíírì kan, 7°50′ jẹ́ 7.83, tó o bá tẹ 7.50 o ti gbé Kàbà sún sí gúúsù ní bíi kìlómítà 37. Èkejì ni kéèyàn gbé longitude síwájú latitude. Ní ibòmíì láyé kọ̀ǹpútà á pariwo, àmọ́ nọ́ńbà tiwa sún mọ́ra wọn débi pé kò sóhun tó máa fura. Kàbà jẹ́ 7.83 àti 6.07. Yí i padà kó di 6.07 àti 7.83, o ti dé ìpínlẹ̀ Ebonyi, Nàìjíríà náà ṣì ni, ilẹ̀ gbígbẹ ni, kò sí nínú òkun, kọ̀ǹpútà á gbà á tọkàntọkàn. Torí náà lẹ́yìn tó o bá tẹ gbogbo ẹ̀ tán, gbé e sórí máàpù kó o fojú ara ẹ wò ó, tó o bá ti rí àmì kan tó dá wà níbì kan tó jìnnà, ìyẹn lo kọ́kọ́ máa wò.

Ìlà tààrà yẹn gan-an, bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ ò le. Dígíírì latitude kan tó bíi kìlómítà 111, longitude ní ìhà tiwa níbí jẹ́ bíi 110, torí a ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì. Kàbà wà ní 7°50′ àti 6°04′, Lokoja wà ní 7°48′ àti 6°44′. Ìyàtọ̀ longitude jẹ́ ìṣẹ́jú 40, bíi kìlómítà 73, ti latitude jẹ́ ìṣẹ́jú 2 péré, kò pé kìlómítà 4. Sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara ẹ̀, rò wọ́n pọ̀, wá square root ẹ̀, wàá rí bíi 73 sí 74. Fún ibi tó jìnnà gan-an wọ́n máa ń lo fọ́múlà tí wọ́n ń pè ní haversine, tó ka ayé sí róbótó tí ìdajì ìbú ẹ̀ jẹ́ kìlómítà 6,371, àmọ́ láàárín lókà kan ìyàtọ̀ ẹ̀ ò tó nǹkan, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà ẹ́.

Ìgbà wo ni ìlà tààrà wá wúlò? Nígbà tí o ní aláìsàn ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó o kàn fẹ́ mọ ẹni tó wà nítòsí àti ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, títì sábà máa ń fi ìdá márùn-ún kan tàbí ìdá mẹ́ta kan ju ìlà lọ. Níbi tí òkè tàbí odò bá wà, ó lè tó ìlọ́po méjì, kò sí nọ́ńbà kan tó o lè fi sọ gbogbo ẹ̀ di púpọ̀ kó bá a mu. Tó o bá ń sọ̀rọ̀ aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀ wàyí, ìlà ò lè ràn ẹ́ lọ́wọ́ rárá, wákàtí ló kù. Ìyá tó bímọ tán tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, tí kò bá rí ìtọ́jú, bíi wákàtí méjì ni wọ́n ní ó lè mú ẹ̀mí ẹ̀ lọ. Ìyẹn wà lára ìdí tó fi jẹ́ wákàtí méjì ni wọ́n sábà fi ń díwọ̀n ọ̀nà dé ibi tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì, Lancet Commission, ìgbìmọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀, tó jíròrò ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ kárí ayé ní 2015 náà wákàtí méjì yẹn ló lò, wọ́n ní ó kéré tán kí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn lè débẹ̀ láàárín ẹ̀ tó bá fi máa di 2030. Ti hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kéékèèké, kìlómítà 5 lọ̀pọ̀ ibi ń lò, bíi wákàtí kan fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tára ẹ̀ yá. Tára ẹ̀ yá, mo tún un sọ. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ ní gìrì tó gbé e pọ̀n kì í rìn bẹ́ẹ̀.

Bí wàá ṣe mọ ti ojú ọ̀nà rèé. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kẹ́ ẹ wo míítà tó ń ka kìlómítà lára ọkadà, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, kọ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ gbéra, kọ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ dé, kọ aago náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀kan lásìkò òjò, fún abúlé kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà ò lè lọ síbì kankan. Google náà á sọ fún ẹ tí abúlé bá wà létí títì, ṣùgbọ́n mọ́tò ló sábà máa ń fi ṣírò, ó lè máà mọ ọ̀nà oko tí ọkadà ń gbà, ó sì lè máà mọ̀ pé afárá kan ti já. Máàpù ọ̀fẹ́ míì tó ń jẹ́ OpenStreetMap máa ń ní ọ̀nà kéékèèké tí Google ò ní láwọn ibì kan, ó sì jẹ́ pé ìwọ náà lè fi kún un, o lè dáwùnlóòdù ẹ̀ sórí fóònù kó o máa lò ó níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nínú Bùnú á mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Àjọ WHO náà ní sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ AccessMod, ó ń ka òkè, odò, igbó àti títì pọ̀, ó á wá sọ wákàtí tó máa gbà ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn àti ẹni tó wà lórí ọkadà, àmọ́ ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà dáadáa ló lè lò ó, kì í ṣe iṣẹ́ ìdíkáàdì.

Lọ́wọ́ àwọn aláìsàn fúnra wọn, má béèrè kìlómítà mọ́. "Kò jìnnà" tí wọ́n ń sọ yẹn, ìwà ọmọlúàbí wà nínú ẹ̀, wọn ò fẹ́ kó dà bíi pé wọ́n ń ráhùn. Bi wọ́n pé kí ni wọ́n wọ̀ wá, aago mélòó ni wọ́n kúrò nílé, tí wọn ò bá mọ aago, bi wọ́n bóyá ilẹ̀ ti mọ́, bóyá wọ́n ti pe ìrun, bóyá àwọn ọmọ ti lọ sílé ìwé. Kó o wá bi wọ́n pé èló lọlọ́kadà gbà. Èèyàn á gbàgbé gbogbo nǹkan, kò ní gbàgbé owó tó yọ lápò ẹ̀. Owó ọkọ̀ yẹn gan-an máa ń sọ òótọ́ ju kìlómítà lọ, torí ọlọ́kadà ti ṣírò ẹrẹ̀ mọ́ ọn, ó ti ṣírò gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó sì ti ṣírò ẹ̀rù tó wà lójú ọ̀nà náà lásìkò yìí. Kọ àkókò tí wọ́n fi dúró de ọkọ̀ sọ́tọ̀ sí àkókò tí wọ́n fi wà lójú ọ̀nà. Ìsọ̀rí tí àwọn olùṣèwádìí méjì, Thaddeus àti Maine, ṣe ní 1994 ni ọ̀pọ̀ ṣì ń lò fún ọ̀rọ̀ aboyún: ìdádúró kan wà nílé kí wọ́n tó pinnu láti lọ, ìkan wà lójú ọ̀nà, ìkan wà nínú ọsibítù lẹ́yìn tí wọ́n dé. Tó o bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n á ní ọ̀nà ló jìnnà nígbà tó jẹ́ pé ọkọ ni ò sí nílé.

Ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò náà kì í ṣe ọ̀nà kan náà. Ọ̀nà tó gba ogún ìṣẹ́jú ní January lè máà ṣeé gbà rárá ní September, káwọn èèyàn máa gba ọ̀nà míì tó yí po. Kọ méjèèjì. Òru náà dá yàtọ̀, lọ́pọ̀ abúlé wa báyìí kò sí ọlọ́kadà tó máa gbéra lẹ́yìn aago méje alẹ́, ìwọ náà mọ ìdí ẹ̀. Títì Kàbà sí Lokoja tó gba Obajana kọjá, kìlómítà ẹ̀ ò yí padà látọjọ́ yìí, ọjọ́ tí tírélà bá dì í pa lo máa mọ̀ pé kìlómítà ò sọ gbogbo ọ̀rọ̀.

Ó kan ibi tó o wọ̀n ọ́n dé. Ìwé tí lókà fún yín, ìjìnnà sí sẹ́ńtà tiyín ni wọ́n béèrè, ìyẹn rọrùn. Tí wọ́n bá wá béèrè "ọsibítù tó sún mọ́ wọn jù," bi wọ́n pé ọsibítù tó ń ṣe kí ni? Sẹ́ńtà tó ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára ò lè fa ẹ̀jẹ̀ síni lára. Abúlé kan lè wà ní kìlómítà 2 sí ibi tí wọ́n ti ń wọn ibà kó sì wà ní 50 síbi tí wọ́n ti lè fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ, tó o bá kọ 2 fún un, wọ́n á ní ara abúlé yẹn dẹ̀. Ó tún kù o, àwọn èèyàn kì í lọ síbi tó sún mọ́ wọn jù. Látìgbà táwọn míṣánnárì SIM ti ń tọ́jú aláìsàn ní Egbe làwọn èèyàn ti ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀, wọ́n á kọjá sẹ́ńtà méjì mẹ́ta lójú ọ̀nà. Torí náà wọn ibi tó sún mọ́ wọn jù, wọn ibi tí wọ́n lọ gan-an, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ní ohun tó ń sọ fún ọ̀gá ẹ, bóyá kò ní fẹ́ gbọ́ ọ. Má sì jẹ́ kí ààlà sítéètì tàn ẹ́. Ará Iyamoye tí ara ẹ̀ ò yá, Òmùò-Ekiti wà nítòsí ẹ̀. Ará Egbe ń wo Èrúkù ní Kwara. Tí lísìtì ọsibítù tó wà lọ́wọ́ ẹ bá jẹ́ ti Kogi nìkan, gbogbo ará etí ààlà ló máa dà bí ẹni tí wọ́n pa tì.

Abúlé tí ò sí lórí máàpù, ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ ẹ̀ wà. Bi àwọn tó ń ṣe àjẹsára ní wọ́ọ̀dù yín, lísìtì abúlé tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, ó kún ju ti Google lọ fíìfíì. Nígbà tí wọ́n ń lé rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀ yìí, kí wọ́n tó wá kéde ní 2020 pé Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wild, èyí tí kò wá látinú àjẹsára, wọ́n ní láti mọ gbogbo gáà Fúlàní, gbogbo aba, ilé mẹ́ta lábẹ́ igi. Máàpù GRID3 tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ náà ní ọ̀pọ̀ nínú wọn. Aba àwọn Ebira àti gáà Fúlàní tó wà ní àyíká yín ni kó o kọ́kọ́ wá, torí àwọn ni ìwé ìlú kì í sábà ní.

Tó o bá wá fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ jọ, má ṣe lo àfíréèjì. Ká ní aláìsàn márùn-ún wá, ìkan ti kìlómítà 1 wá, méjì ti 2, ìkan ti 3, ìkan wá láti Èkó, 400. Àfíréèjì á jẹ́ 81 lé díẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó rin 81. Tò wọ́n láti kékeré sí ńlá, mú ti àárín, ó jẹ́ 2, ìyẹn lòótọ́ sẹ́ńtà yín. Kó o tún sọ iye àwọn tó ju kìlómítà 5 lọ àti iye tó ju wákàtí kan lọ.

Ohun kan tí rẹ́jísítà ò ní sọ fún ẹ láéláé ni àwọn tí ò wá. Tí gbogbo aláìsàn yín bá ti tòsí wá, ó lè jẹ́ pé àwọn tó jìnnà ò tiẹ̀ wá mọ́ ni, kì í ṣe pé ara wọn le. Dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Edward Jarvis, ti rí i láti bíi 1850 pé àwọn tó ń gbé nítòsí ilé ìtọ́jú wèrè ló ń mú èèyàn wá jù, bí ìlú ṣe ń jìnnà sí i ni iye tó ń wá ń dín kù, wèrè ò sì dín ní ìlú ọ̀hún. Torí náà fi iye èèyàn tó wà ní abúlé kọ̀ọ̀kan pín iye aláìsàn tó ti ibẹ̀ wá, lísìtì àjẹsára náà ní iye ọmọ, o lè fi bẹ̀rẹ̀. Abúlé tó ní èèyàn púpọ̀ tí aláìsàn ẹ̀ ò tó nǹkan, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé àpótí abẹ́rẹ́ lọ.

Ìdí tí mo fi ní kó o má dúró sẹ́nu ilé aláìsàn nìyí: abúlé ilé mẹ́wàá, tó o bá fi orúkọ àrùn àti nọ́ńbà GPS ilé sínú Excel, tó wá bọ́ sórí WhatsApp, gbogbo ayé ti mọ ẹni tó ní ikọ́ ife tàbí HIV. Òfin wà fún un, ti 2023 tó dáàbò bo dátà àwọn èèyàn. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ńlá DHS, èyí tí wọ́n fi ń lọ láti ilé dé ilé bi àwọn èèyàn nípa ìlera wọn, tiẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sún àmì abúlé kúrò lójú ibi tó wà, tó lè tó kìlómítà 5 ní ìgbèríko, díẹ̀ lára wọn tó 10, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀. (Nítorí náà ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ fi dátà DHS wọn kìlómítà 2, ẹ tún un rò.) Orúkọ aláìsàn kó wà nínú rẹ́jísítà, abúlé kó wà nínú ìwé míì pẹ̀lú kìlómítà ẹ̀ àti wákàtí ẹ̀, tí o bá ti ṣe ti abúlé lẹ́ẹ̀kan o ò tún ní wọ̀n ọ́n fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan mọ́, wàá kàn máa wò ó nínú ìwé ni.

Tí lókà bá wá ṣáà taku pé nọ́ńbà kan ṣoṣo làwọn fẹ́, fún wọn ní ti ojú ọ̀nà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kọ "ojú ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀rùn" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó má bàa dà pọ̀ mọ́ ti sẹ́ńtà míì tó fa ìlà, kó o wá tọ́jú ti òjò àti ti wákàtí sọ́dọ̀. Wọ́n ṣì ń bọ̀ wá béèrè ẹ̀.